Lílọ sí àpéjọ pinball ọdọọdún: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ti ń kó ẹ̀rọ jọ tipẹ́

Bí oṣù kẹta bá ti ń sún mọ́lé ni ìbéèrè yìí máa ń dé lórí pinball, eré orí ẹ̀rọ tí bọ́ọ̀lù irin ti ń sáré kiri lórí pátákó abẹ́ gíláàsì: "Mo ní ẹ̀rọ pinball tèmi nílé, èmi náà ni mo sì ń tún un ṣe. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní àpéjọ tí n kò lè ṣe nínú gáréèjì mi?" Ẹ máa bá àwọn ẹ̀rọ tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn rí pàdé níbẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ àlàyé lẹ́nu àwọn tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń kó ẹ̀rọ jọ, èrè tó ga jù ni pé ẹ lè ṣí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, kí ẹ gbá a, kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, kí owó tó kúrò lápò yín. Bátìrì tó ti jò kì í hàn nínú àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí apá tó gùn jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lórí yíyẹ ẹ̀rọ wò.

## Àpéjọ wo ni kí ẹ lọ?

Ní Amẹ́ríkà, mẹ́ta yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò:

- Texas Pinball Festival, ní Frisco, lápá àríwá Dallas, nínú oṣù kẹta. Hòtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn wà pa pọ̀, ẹ lè rìn láti yàrá dé ìdí ẹ̀rọ láìjáde síta. Ó rọrùn fún àwọn ará wa tó wà ní Dallas, àwọn ti Houston náà lè fi bíi wákàtí mẹ́rin wakọ̀ dé ibẹ̀.
- Pinball Expo, ní agbègbè Chicago, nínú oṣù kẹwàá. Ó ti wà láti 1985. Chicago ni ìlú tí wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ lọ bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu àwọn tó ya ẹ̀rọ àti àwọn tó kọ ètò inú rẹ̀.
- Pinfest, ní Allentown ní Pennsylvania, nínú oṣù karùn-ún. Ọjà títà àti rírà ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ògbólógbòó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni kó forí lé.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, èyí tó sún mọ́ ilé yín ni kí ẹ yàn, bí òmíràn tilẹ̀ tóbi jù ú lọ. Owó àti wàhálà gbígbé ẹ̀rọ la ìpínlẹ̀ mẹ́rin kọjá máa ń gba gbogbo èrè tí ẹ rí níbi tí ẹ ti ná an.

## Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú

1. Gba yàrá. Hòtẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ gbọ̀ngàn ló máa ń kọ́kọ́ kún. Orúkọ àpéjọ ni kí ẹ fi béèrè, nítorí wọ́n sábà máa ń ya yàrá sọ́tọ̀ ní ẹ̀dínwó.

2. Ṣí ẹ̀rọ yín nílé, kí ẹ kọ ohun tó ń fẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yà ara ni kí ẹ kọ, kì í ṣe àpèjúwe. Ẹ wo kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká jọ, tí iná ń mú ṣiṣẹ́) ti flipper, ìyẹn apá kékeré tó ń gbá bọ́ọ̀lù, lórí ẹ̀rọ Williams àti Bally ti àwọn ọdún 1990: FL-11630 sábà máa ń ní bébà pupa, FL-11629 ní búlúù, FL-15411 ní àwọ̀ ọsàn. Agbára wọn kò dọ́gba. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan rà á, ẹ má sì gbà pé èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín ló tọ́, torí ẹni tó ni ín ṣáájú lè ti fi ohun tó rí síbẹ̀. Ìwé àlàyé ẹ̀rọ náà ni kí ẹ gbà gbọ́.

3. Kọ̀wé sí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara. Ẹ béèrè lọ́wọ́ irú ilé iṣẹ́ bíi Marco Specialties tàbí Pinball Life bóyá wọ́n ń bọ̀, àti bóyá ẹ lè sanwó sílẹ̀ kí ẹ gba ẹrù yín níbẹ̀. Ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ owó ìfiránṣẹ́. Ohun tí ẹ kò bá béèrè fún tẹ́lẹ̀ lè máà sí nínú ọkọ̀ wọn.

4. Wọn ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn àti ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ wúwo tó 115 sí 135 kílò. Bí ẹ bá tú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ sì dojú àpótí orí (èyí tó dúró lókè lẹ́yìn, tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀) dé, ó gùn tó nǹkan bí íǹṣì 56, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 29. Bó bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ga tó nǹkan bí íǹṣì 76: ẹ wo òrùlé yàrá abẹ́ ilé yín dáadáa.

5. Kọ orúkọ ẹ̀rọ mẹ́ta péré tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ kò ní kọjá síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ariwo àti iná inú gbọ̀ngàn máa ń mú kí èèyàn ra ohun tí kò bá a débẹ̀.

6. Gba owó lọ́wọ́ báńkì ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú àpéjọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tirẹ̀, owó ọwọ́ ló fẹ́, ẹ̀rọ ATM hòtẹ́ẹ̀lì kì í sì í fún èèyàn ní owó tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò irinṣẹ́

- Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣòfo
- Sókẹ́ẹ̀tì 5/8 àti 9/16 fún bóòtù ẹsẹ̀
- Sípánà ọlọ́wọ́ bíi ti screwdriver (nut driver) fún nọ́ọ̀tì 1/4, 5/16 àti 11/32
- Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà (Allen key) 5/16 fún ìdè àpótí orí
- Ìwọ̀n omi kékeré (spirit level, tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú) àti téèpù ìwọ̀n
- Mítà tí a fi ń wọn iná
- Ọ̀pá onímàgnẹ́ẹ̀tì, fún skrúù tó bá já bọ́ sínú ẹ̀rọ
- Bọ́ọ̀lù tuntun mẹ́fà, èyí tó tóbi ní íǹṣì 1 àti 1/16, tó wúwo ní nǹkan bí gíráàmù 80
- Fíùsì oríṣiríṣi, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan
- Àpò ọ̀rá kéékèèké, pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ dúdú, téèpù bébà
- Kúbùsù mẹ́rin àti bẹ́líìtì ìdẹrù mẹ́rin
- Ohun tí ẹ ó fi dí etí

Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún mélòó kan tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta máa ń ba etí jẹ́.

## Bí ẹ bá ń gbé ẹ̀rọ tiyín lọ

Ẹ̀rọ àwọn olùkójọ bí tiyín ló pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ máa bá nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ àpéjọ máa ń fún ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó, kó lè gbà kí gbogbo ènìyàn ta eré lórí rẹ̀ láìsanwó. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní kíá, kí ẹ sì mọ wákàtí tí wọ́n ń gba ẹ̀rọ wọlé.

1. Pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀lù tuntun sí i. Bọ́ọ̀lù tó ti ní ọgbẹ́ lára máa ń ha pátákó ìṣeré, iye eré tí wọ́n máa ta lórí rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kan sì lè ju ti oṣù mélòó kan nílé yín.
2. Dè gbogbo skrúù abẹ́ flipper le. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tú.
3. Ṣètò rẹ̀ sí eré ọ̀fẹ́. Lórí ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà, inú ètò rẹ̀ ni. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, súwíìṣì òdo tó wà lára àgbá kírédíìtì ni ẹ máa tẹ̀ kó lè máa wà ní pípa pọ̀.
4. Bí wáyà iná rẹ̀ bá jẹ́ oníka méjì, ẹ yí i padà sí oníka mẹ́ta kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Ẹ má gé ìka ilẹ̀ (earth) kúrò láé: irin ni iwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ ọmọdé ló sì máa wà lára rẹ̀.
5. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ gbé ìwọ̀n omi lé pátákó ìṣeré fúnra rẹ̀, ẹ má gbé e lé gíláàsì. Ẹ kọ́kọ́ ṣe apá ọ̀tún àti òsì dọ́gba, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ẹ̀yìn sókè títí ìdagun rẹ̀ á fi tó dígírì 6.5. Ẹ̀rọ tí kò ní kọ̀ǹpútà kò nílò tó bẹ́ẹ̀, 3.5 ti tó ọ̀pọ̀ wọn.
6. Lẹ nọ́ńbà fóònù yín mọ́ igun gíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn owó gbọ́dọ̀ wà lápò yín ní gbogbo ìgbà.
7. Bí kò bá sí fún títà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa béèrè.

Ẹ máa padà wá wò ó ní wákàtí méjì méjì. Flipper tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹ pa ẹ̀rọ náà kó sinmi. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì ni yóò jó.

## Ọjọ́ kìíní: ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yà ara tó ṣọ̀wọ́n máa ń tán láàárín wákàtí kan sí méjì tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ rìn yí gbogbo gbọ̀ngàn ká lẹ́ẹ̀kan láìta eré kankan, kí ẹ máa kọ ibi tí ẹ ti rí ìwé "For Sale". Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn díje, kó forúkọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, torí ibẹ̀ máa ń kún.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun láti ọ̀dọ̀ Stern, Jersey Jack, Spooky àti àwọn yòókù máa ń ní ìlà gígùn lọ́sàn-án. Òru ọjọ́ kìíní àti òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ìlà máa ń kúrú. Ẹ má gbé ife lé gíláàsì ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá wà lẹ́yìn yín, eré kan tó, kí ẹ yẹra fún un.

## Yíyẹ ẹ̀rọ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ kí ẹni tó ni ín. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó bá yín ṣí i. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ láìgbàṣẹ. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀ láti ṣí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ: ẹ̀rọ míì ń bẹ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ nínú máa ń dunnú láti fi í hàn.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò jù ni ẹ̀rọ WPC, èyí tí Williams àti Bally ṣe jáde ní àwọn ọdún 1990, torí òun ni àwọn olùkójọ ń lé jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ní kó pa á, kó sì tún un tàn. Ẹ ka ohun tó bá kọ sójú. Bó bá kọ "Factory settings restored", bátìrì rẹ̀ ti kú tàbí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tótó kan lẹ́yìn nọ́ńbà kírédíìtì, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé ohun kan ń ṣe òun. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn àyẹ̀wò rẹ̀ nínú ètò, yóò dárúkọ súwíìṣì tí kò ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ta eré kan parí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ tẹ flipper méjèèjì pa pọ̀ kíákíá, bíi ogún ìgbà. Bí ẹ̀rọ náà bá kú tó sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iná 5 volt rẹ̀ kò lágbára tó. Lórí àwọn WPC tó ṣáájú WPC-95 (ẹ̀dà WPC tó kẹ́yìn), ẹ kọ́kọ́ fura sí ohun tí wọ́n kọ BR2 àti C5 sí lára lórí bọ́ọ̀dù agbára, lẹ́yìn náà sí ojú ìsopọ̀ wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yára dájọ́. Iná gbọ̀ngàn náà lè rẹlẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tó pọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ fi mítà wọn ihò iná náà, tàbí kí ẹ ní kó gbé e lọ sí ihò míì. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, àìsàn ẹ̀rọ náà ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ lo bọ́tìnnì àyẹ̀wò tó wà nínú ilẹ̀kùn owó. Ẹ gba inú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: súwíìṣì, kọ́ìlì, iná tó ń ṣẹ́jú, gílóòbù, ohùn. Kọ́ìlì tí ẹ kò bá gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ojú àfihàn náà pẹ̀lú: ìlà tó sọnù, tàbí àwọn àmì tó ń ṣókùnkùn létí, ó túmọ̀ sí pé gíláàsì àfihàn yẹn ti ń kú lọ, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yọ gíláàsì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti òkè máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ló ń tú u síta. Ẹ wo ibi mẹ́rin yìí:

- ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń jáde sí ọ̀nà títa, níbi tó ti ń já lulẹ̀
- etí gbogbo ihò tó ń gbe bọ́ọ̀lù mì, bóyá pátákó funfun ti yọjú
- pílásítíìkì kéékèèké tí iná ń gba abẹ́ rẹ̀ tàn: ẹ fi ìka ra á, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti rì, ó ti gbéra, tàbí àárín rẹ̀ ti kòtò
- ọ̀nà ìgòkè onípílásítíìkì, ní ẹnu rẹ̀, níbi tó ti sábà máa ń sán

Àwọ̀ tó ti họ níwájú flipper ṣeé fara dà. Ìlà fínnífínní tó ń tẹ̀lé ìṣàn igi náà kò burú bí ẹ bá fẹ́ máa ta eré lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó dín owó kù. Ihò tó ti fẹ̀ tó ti jẹ inú pátákó, ìyẹn ló ń náni lówó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ní kó gbé pátákó ìṣeré sókè. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: kọ́ìlì tí bébà rẹ̀ ti dúdú, wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dì, lẹ́ẹ̀dì (solder) tó wú ṣùgbọ́n tí kò mú, wáyà tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ilé iṣẹ́ mu. Ọ̀kan tàbí méjì kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí wọ́n bá pọ̀, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ń fi àfojúbù tún un ṣe fún ọdún púpọ̀, wákàtí yín ni yóò sì gbà láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣí àpótí orí. Èyí ni kókó gbogbo àyẹ̀wò yìí. Bátìrì AA mẹ́ta wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà WPC. Tí wọ́n bá jò, omi wọn á ṣàn sára ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wá àwọ̀ ewé, búlúù tàbí ìyẹ̀fun funfun lára ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀yà kékeré àti lára àwọn ìlà bàbà. Ẹ fi dígí kékeré wo abẹ́ ilé bátìrì. Ẹ̀rọ Bally ti ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980 burú ju ìyẹn lọ: wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì lẹ bátìrì tó ń gba iná mọ́ bọ́ọ̀dù náà gan-an, bó bá sì jò, ó lè jẹ apá kan bọ́ọ̀dù náà tán pátápátá.

Lẹ́yìn bátìrì, ẹ wo ojú ìsopọ̀ wáyà iná lórí bọ́ọ̀dù agbára, pàápàá J120 àti J121. Bí pílásítíìkì rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí tó ti dúdú, ìsopọ̀ yẹn ti ń gbóná tipẹ́. Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn méjèèjì ni ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀: abẹ́rẹ́ orí bọ́ọ̀dù àti ìdè etí wáyà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ yóò tún jó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo àpótí ìsàlẹ̀. Ẹ fi imú gbóòórùn inú rẹ̀. Òórùn ọ̀rinrin, ìsàlẹ̀ tó wú, irin tó dípẹtà: ẹ̀rọ náà ti bá omi pàdé. Ẹ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ ọn. Bí igi bá ń là níbẹ̀, kò ní lè dúró déédéé.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí ti àpótí orí kò bá bá ti àpótí ìsàlẹ̀ mu, ẹ̀rọ méjì ni wọ́n so pọ̀. Ó ṣì lè dára fún eré, àmọ́ kì í ṣe iye kan náà.

Ìgbésẹ̀ 9: Àkọ́ṣe ni tàbí àtúnṣe? Ilé iṣẹ́ Chicago Gaming ti tún ẹ̀rọ Medieval Madness ti 1997 àti Attack from Mars ti 1995 ṣe jáde bí ẹ̀rọ tuntun. Àwọn méjèèjì dára gan-an, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù inú wọn yàtọ̀ pátápátá, owó wọn lọ́jà náà sì yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣí àpótí orí tí ẹ kò bá rí àwọn bọ́ọ̀dù ńláńlá WPC, àtúnṣe ni.

Fún ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, ẹ fo Ìgbésẹ̀ 1, 3 àti 6. Ẹ ta eré ẹni mẹ́rin bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo àgbá nọ́ńbà lè yí, kí ẹ sì rí i pé gbogbo wọn padà sí òdo nígbà tí ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo kíkùn ẹ̀yìn gíláàsì àpótí orí: bó bá ń ṣí bí ìpẹ́, kò sí bí ẹ ṣe máa dá a padà.

## Nígbà tí ẹ bá ń ná an

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ni ẹ̀rọ tó dára jù máa ń lọ, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni owó máa ń rọ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín ń ronú bó ṣe máa gbé kílò 130 padà sínú ọkọ̀. Bí ohun tí ẹ ń wá bá ṣọ̀wọ́n, ẹ má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, tí ẹ rí mẹ́rin irú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ẹ lè mú sùúrù.

Ìwé àbùkù tí ẹ kọ nígbà àyẹ̀wò ni kí ẹ fi ná an. "Àfihàn rẹ̀ ti ń kú, kọ́ìlì méjì kò ṣiṣẹ́, mo lè san báyìí lónìí." Ẹ má bú ẹ̀rọ ẹni.

Ọ̀pọ̀ àpéjọ kì í gbà kí ẹ̀rọ tó ti tà kúrò nílẹ̀ kí àpéjọ tó parí. Nítorí náà, rìsíìtì ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nyí wà lórí rẹ̀:

- orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀
- iye tí ẹ san àti iye tó kù
- ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa gbé e
- ohun tó bá a lọ: kọ́kọ́rọ́, ìwé àlàyé, ẹsẹ̀, bóòtù mẹ́jọ, ẹ̀yà ara àfikún
- ìfọwọ́sí ẹ̀yin méjèèjì

Ẹ lẹ "Sold" mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò pátákó ìṣeré àti inú àpótí orí.

## Títú u àti gbígbé e lọ

Ènìyàn méjì ló kéré jù. Ẹ̀yìn ríro lẹ́yìn àpéjọ, ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń kó o.

1. Yọ gbogbo bọ́ọ̀lù, kí ẹ kà wọ́n. Bọ́ọ̀lù kan tó kù nínú ẹ̀rọ lè fọ́ pátákó ìṣeré àti gíláàsì lójú ọ̀nà.
2. Yọ òṣùwọ̀n onírin tó ń fì nínú àpótí, èyí tó ń mọ̀ bí ẹ bá mi ẹ̀rọ jù. Ẹ fi í sínú àpò ọ̀rá, kí ẹ kọ orúkọ sí i.
3. Pa iná, yọ wáyà, dì í pọ̀.
4. Gbé kúbùsù lé orí àpótí ìsàlẹ̀, tú ìdè ẹ̀yìn àpótí orí, kí ẹ rọra dojú rẹ̀ dé, kí ẹ máa wo wáyà kó má baà há. Bẹ́líìtì kan gbọ́dọ̀ dè é mọ́lẹ̀. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, àpótí orí kì í ṣe àdojúdé: ẹ máa yọ ojú ìsopọ̀ wáyà àti bóòtù, kí ẹ gbé e lọ lọ́tọ̀. Ẹ fi téèpù bébà sàmì sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹnì kan á gbé ẹ̀yìn sókè, èkejì á yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ gbé e kalẹ̀ lórí kúbùsù.
6. Gbé iwájú sókè títí ẹ̀rọ á fi dúró lórí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá yọ ẹsẹ̀ iwájú.
7. Ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù sábẹ́ rẹ̀, dè é, kí ẹ máa yí i lọ.

Bí ẹ bá ní láti yọ gíláàsì òkè, ẹ má fi etí rẹ̀ kan síméǹtì tàbí táìlì. Bí etí rẹ̀ bá kan ilẹ̀ líle díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tí kò bá sí ọkọ̀ tó gbà á, ẹ wádìí ní tábìlì àwọn olùṣètò nípa àwọn akẹ́rù tó ń gbé ẹ̀rọ pinball nìkan. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dì í. Ẹ má fà á fún akẹ́rù lásán tí kò gbé irú rẹ̀ rí.

## Nílé, kí ẹ tó tan iná

Bí òtútù bá mú lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó jókòó nínú yàrá fún wákàtí mélòó kan, kí ọ̀rinrin gbẹ. Lẹ́yìn náà:

1. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí ẹ fi ọ̀pá onímàgnẹ́ẹ̀tì kó gbogbo skrúù tó já bọ́. Ẹ wo orí àwọn bọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Skrúù kan ṣoṣo tó bá dúró sórí bọ́ọ̀dù lè jó o.
2. Tẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wáyà mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
3. Yẹ fíùsì wò, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ìwé mu. Àwọn kan máa ń fi fíùsì tó tóbi jù sí i kí ó má baà máa jó. Ẹ yọ ọ́ kúrò kíá, torí wáyà ni yóò jó dípò rẹ̀.
4. Yọ bátìrì àtijọ́. Bí ìjò díẹ̀ bá wà, fínígà ni ẹ máa fi pa agbára omi bátìrì náà, kí ẹ sì fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi NVRAM sí i, ẹ̀yà tó ń rántí ètò ẹ̀rọ tí kò nílò bátìrì rárá, tàbí kí ẹ gbé ilé bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú wáyà gígùn.

## Bí owó kò bá tó ẹ̀rọ tó pé

Ẹ ra èyí tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yan irú ìbàjẹ́ náà. Bọ́ọ̀dù tó kú ṣeé pààrọ̀, torí wọ́n ṣì ń ṣe tuntun fún ọ̀pọ̀ WPC àti Bally àtijọ́. Pátákó ìṣeré tó ti jẹrà, tàbí gíláàsì àpótí orí tó ti fọ́, ló máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ dára, tí inú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ má ra èyí tó ń ṣiṣẹ́ tí ojú rẹ̀ ti lọ.

## Ẹni tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí Nàìjíríà

Ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà wà fún iná 120 volt. Transformer inú WPC àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Stern ṣeé yí sí 230 volt nípa pípààrọ̀ ìsopọ̀ wáyà rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé àlàyé. Ìyẹn nìkan kò tó: fíùsì àkọ́kọ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà (lórí WPC, láti 8 ampere sí 5), pẹ̀lú varistor tó ń dáàbò bò ó. Kí ẹ tó ki í bọ ihò iná nílé, ẹ fi mítà wọn iná náà, kí ẹ sì gba inú stabilizer tó lágbára tó, torí iná tó ń lọ sókè sódò ló máa ń jó bọ́ọ̀dù agbára jù níbẹ̀.